Kúkà Oníná àti Iná Tó Ń Wọ Inú Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí A Ń Gbé ní Àbújá àti Òkè Ọya

Kúkà tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ó ń lo iná mànàmáná pátápátá, àti èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ìdáná wa, tí ó ní ojú gáàsì mẹ́rin pẹ̀lú ojú iná méjì, tí ófùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń tún iná ṣe jẹun, ni pé ọ̀pọ̀ kúkà tí àwọn ènìyàn ń gbé lọ fún àtúnṣe ni kò ní àrùn kankan lára. Iná tí ń wọ inú wọn ni kò tó, tàbí tí kò gba ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà. Ìdí nìyí tí àwọn ìdáhùn wọ̀nyí fi ń tọ ipa iná láti orí òpó títí dé ojú kúkà, dípò kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara kúkà fúnra rẹ̀.

Kúkà mi kò gbóná rárá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì fi ọwọ́ kan kúkà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná wà ní àwọn yàrá yòókù, bóyá owó ṣì wà lórí mítà, àti bóyá change-over wà ní ọ̀dọ̀ NEPA, orúkọ tí a kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2005 ni wọ́n ti yí i padà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wáyà kúkà kò sí lára ẹ̀ka tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ń gbé. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, kúkà nìkan ni kò dáhùn, yóò sì rò pé kúkà ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo bíréékà kúkà nínú àpótí iná, ìyẹn súwíìṣì tí ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé. Kì í ṣe gbogbo bíréékà tí ó ti já ni ó ń wálẹ̀ tán. Òmíràn a dúró sí agbedeméjì, ojú kò sì ní tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tì í sókè padà. Bí ó bá tún já lójú ẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wo ìbéèrè tó sọ nípa bíréékà nísàlẹ̀.

Bí bíréékà bá dúró, ẹ yíjú sí súwíìṣì ńlá tí ó wà lára ògiri ilé ìdáná, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ 45A sí (A ni áńpù, ìwọ̀n iye iná tí ń gba wáyà kọjá), tí iná pupa kékeré kan sì wà ní ojú rẹ̀. Bí iná pupa náà bá tàn, féèsì (wáyà tí ń gbé iná wọlé) àti níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) ti dé ibẹ̀, àléébù náà sì wà láàárín ògiri àti kúkà, tàbí nínú kúkà fúnra rẹ̀. Bí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà lẹ́yìn, ní ọ̀nà àpótí iná, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iná pupa náà ni ó ti kú. Múltímítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn fóltì, nìkan ni ó lè yanjú ìyẹn.

Ojú iná kan ń gbóná, èkejì tutù. Ní kúkà olójú mẹ́rin ẹ̀wẹ̀, méjì ń ṣiṣẹ́, méjì kò ṣiṣẹ́. Kí ló fà á?

Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ó kú, ó ṣeé ṣe kí ojú náà fúnra rẹ̀ tàbí súwíìṣì tí ń darí rẹ̀ ni ó jóná. Ṣùgbọ́n bí ìlàjì kúkà bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ra ojú tuntun. Iná ni kí ẹ wá.

Lẹ́yìn kúkà, lábẹ́ ìdérí pẹlẹbẹ kan, ni ibi tí a ti ń de wáyà wà. Ìdè márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ẹ óò rí níbẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe kúkà mọ̀ pé ilé kan lè ní féèsì kan, òmíràn méjì, òmíràn mẹ́ta. Fún ilé tí ó ní féèsì kan, a gbọ́dọ̀ fi àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n kó mọ́ kúkà so àwọn ìdè féèsì pọ̀, kí iná kan náà lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ojú. Inú ọ̀rá kékeré ni àwọn irin wọ̀nyí máa ń wà, pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì tú kúkà tuntun ni ọ̀rá náà máa ń bá páálí lọ sí ààtàn. Oníṣẹ́ iná á wá de wáyà mọ́ ìdè kan, ojú méjì á ṣiṣẹ́, wọn á sì sọ fún onílé pé wọ́n ta ọjà tó ti bàjẹ́ fún un.

Bí kúkà bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ìlàjì rẹ̀ kú lójijì, ẹ wo àwọn yàrá yòókù. Ní ilé tí ó ní féèsì mẹ́ta, tí wọ́n sì fi méjì nínú wọn fún kúkà, bí fíúsì féèsì kan bá jóná nídìí tiransifọ́mà, ìlàjì kúkà á kú, bẹ́ẹ̀ náà ni apá kan ilé. Bí éè-sí yàrá kan àti ojú kúkà méjì bá kú ní ìṣẹ́jú kan náà, orí òpó tàbí ìdí tiransifọ́mà ni ọ̀ràn wà.

Èyí tí ó ṣòro mọ̀ jù ni ti níútírà tí ó já ní ẹnu kúkà tí ó ní féèsì méjì. Àmì rẹ̀ ni pé, bí ẹ bá tan ojú kan, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá tan èkejì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á gbóná. Bí ẹ bá sì pa ọ̀kan, èkejì á kú pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé iná ń gba inú ojú kan kọjá sínú èkejì, láti féèsì sí féèsì, pẹ̀lú 400 fóltì láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú kékeré tí ó jẹ́ 1000 wáàtì àti ojú ńlá tí ó jẹ́ 2000 wáàtì ṣe àpẹẹrẹ. Ojú kékeré náà yóò gba nǹkan bí 267 fóltì, ojú ńlá yóò sì gba nǹkan bí 133. Kékeré á pọ́n kọjá ààlà, ńlá kò ní lè hó omi, àwọn onílé á sì máa sọ pé ojú ńlá ti ń kú. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, kò sì ní sí ìyàtọ̀ kankan.

Àwọn aládùúgbò wa máa ń yí féèsì ní alẹ́ nígbà tí iná kò bá tó. Ǹjẹ́ ó lè pa kúkà lára?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá fún kúkà tí ó ní féèsì méjì. Nígbà tí iná bá gba féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé, tí féèsì kọ̀ọ̀kan gbé 16 áńpù, nǹkan bí 16 áńpù náà ni yóò gba níútírà padà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó yí féèsì bá kó méjèèjì sórí féèsì kan ṣoṣo, áńpù 32 ni yóò máa gba níútírà kan náà padà, láìsí bíréékà kankan tí ń ṣọ́ wáyà náà. Bí wáyà náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, inú ògiri ni yóò ti máa jó díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pè láti yí féèsì pé kúkà yín jẹ́ oní-féèsì méjì. Ohun tí ó dára jù ni pé kí a má ṣe é rárá, nítorí pé bí gbogbo àdúgbò bá sáré lọ sórí féèsì tí ó dára, òun náà yóò di èyí tí kò dára kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kúkà ń gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí à ń sè ní wákàtí méjì ń gba wákàtí mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé kúkà ti darúgbó ni?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àáfù kọ́rẹ́ǹtì. Ní Lugbe, Kubwa, Nyanya àti Mararaba, ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti dé láti àárín ìlú, tí olúkúlùkù tan éè-sí, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, ni fóltì máa ń wálẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni bí ìrẹ̀sílẹ̀ fóltì ṣe ń dín ooru kù tó. Bí fóltì bá dín kù díẹ̀, ooru yóò dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú iná tí ó jẹ́ 2000 wáàtì lórí 230 fóltì yóò di nǹkan bí 1510 wáàtì lórí 200 fóltì. Lórí 180, nǹkan bí 1225. Lórí 160, kò ní pé 1000 mọ́. Fóltì kò tíì dín kù tó ìdá mẹ́ta, ṣùgbọ́n ooru ti lọ ju ìlàjì lọ, àti pé gílóòbù LED òde òní kì í jẹ́ kí ènìyàn fura, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń tàn kedere lórí 160 fóltì bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí a tó dá NEPA lẹ́bi, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹ wọn fóltì nígbà tí kúkà wà ní pípa, kí ẹ tan ojú ńlá, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ojú kan náà. Bí ó bá jẹ́ 170 kí ẹ tó tan án, tí ó sì kù sí nǹkan bí 165 lẹ́yìn rẹ̀, iná àdúgbò ni kò tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 220 tẹ́lẹ̀ tí ó sì já wálẹ̀ sí 180, inú ilé yín tàbí wáyà tí ó wá láti òpó sí ilé yín ni iná ń sọnù sí. Iná tí ó sọnù yìí kò parẹ́ o. Nǹkan bí 270 wáàtì ni ó ń di ooru níbì kan tí kì í ṣe ojú kúkà, bí ó bá sì jẹ́ pé ibi ìdè kan ṣoṣo tí ó tú ni gbogbo rẹ̀ ń gbóná sí, ibẹ̀ ni iná yóò ti ràn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí irú ìṣirò kejì yìí, ẹ pa kúkà, kí ẹ sì pe oníṣẹ́ iná ní ọjọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lórí ojú tí wọ́n fi àmì pupa róbótó sí láàárín. Ó máa ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ bí ó bá gbóná jù, pàápàá bí ìdí ìkòkò kò bá tẹ́jú. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti wú yóò jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé iná kò tó.

Tẹ́sítà mi ń tàn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́. Báwo ni iná ṣe lè wà kí ó má sì sí?

Tẹ́sítà onísukudíráfà kò lè sọ ju pé féèsì dé ibẹ̀. Kò mọ iye fóltì, kò sì mọ̀ bóyá níútírà wà. Bí ó bá tàn nínú ihò méjèèjì nígbà tí ẹ̀rọ kan wà ní títàn, níútírà ti já níbì kan: iná ti gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, kò sì rí ọ̀nà padà. Wáyà tí ó dà bí èyí tí kò léwu ti di eléwu nìyẹn, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ ra múltímítà. Èyí tí kò wọ́n náà yóò ṣe iṣẹ́ inú ilé. Ẹ gbé e sí fóltì AC (irú iná tí ń wọ ilé, kì í ṣe éè-sí), ní ìwọ̀n tí ó ga ju 400 lọ, kí ẹ sì wọn ọ̀nà mẹ́ta. Láàárín féèsì àti níútírà, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan tí ó sún mọ́ 230. Láàárín féèsì àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà ààbò tí ó lọ sínú ilẹ̀), iye kan náà ni. Láàárín níútírà àti ẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kí ó ju fóltì díẹ̀ lọ. Bí féèsì sí níútírà kò bá fi nǹkan gidi hàn, tí féèsì sí ẹ́ẹ̀tì sì pé 230, níútírà ni kí ẹ wá lọ. Bí níútírà sí ẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 30 tàbí 40 fóltì nígbà tí kúkà ń ṣiṣẹ́, ìdè níútírà kan ti ń tú, bí kúkà tilẹ̀ ṣì ń gbóná.

Àwọn ìdíwọ̀n wọ̀nyí nìkan ni mo lè gba onílé níyànjú láti ṣe, láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ tú inú àpótí iná tàbí ẹ̀yìn kúkà, kódà bí bíréékà bá ti wálẹ̀, nítorí pé ní àwọn ilé kan níútírà ni wọ́n fi bíréékà gé, wọ́n sì fi féèsì sílẹ̀.

Gílóòbù yàrá kan ń mọ́lẹ̀ jù, ti yàrá kejì ń ṣú, kúkà náà sì ń ṣe ségesège. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Rárá. Ẹ pa gbogbo ilé láti ibi súwíìṣì àgbà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí tán. Níútírà ilé yín, tàbí ti òpó, ni ó ti já. Láìsí níútírà, kò sí ohun tí ó di fóltì mú sí 230 mọ́: apá kan lè gba 120 kí èkejì gba 280 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ènìyàn bá sì tan ojú kúkà kan tàbí tí ó pa á, gbogbo rẹ̀ á tún yí padà. Fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ni yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́ tí ó ń ṣáájú òjò, ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ni a máa ń rí èyí jù, nígbà tí ẹ̀fúùfù ti mi àwọn wáyà orí òpó títí ìdè fi tú.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó de kúkà wa. Àwọ̀ wáyà kúkà kò bá ti ògiri mu. Ǹjẹ́ ó ní ohun tí ó ń ṣe?

Ó ní i gidigidi. Ní ilé àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni féèsì, dúdú ni níútírà. Ní ètò tuntun, àwọ̀ igi, dúdú àti eérú ni féèsì, búlúù sì ni níútírà. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: dúdú tí ó jẹ́ níútírà fún bàbá ti di féèsì fún ọmọ, búlúù sì ti gba ipò rẹ̀. Àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò ni ti ẹ́ẹ̀tì, ó kàn jẹ́ pé ní ilé àtijọ́ ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan. Ẹni tí ó bá so búlúù kúkà mọ́ búlúù ògiri nítorí pé wọ́n jọra lè ti so níútírà mọ́ féèsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de kúkà láìfi múltímítà wọn wáyà ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ófùn kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n mú iná lọ tí wọ́n sì gbé e padà wá, ṣùgbọ́n àwọn ojú òkè ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo aago ojú kúkà. Bí nọ́ńbà bá ń ṣẹ́jú ní 0:00, ọ̀pọ̀ ófùn kò ní gbóná títí ẹ ó fi tún aago náà ṣe. Ní èyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ yí bọ́tìnì àsìkò dé ibi tí wọ́n ya àwòrán ọwọ́ sí. Ó tán.

Bíréékà kúkà ń já. Kí ni mo lè mọ̀ láti inú bí ó ṣe ń já?

Àsìkò tí ó já ni ó ń sọ ìdí. Bí ó bá já lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tì í, kí ẹ tó tan ojú kankan, wáyà ti kan wáyà láàárín àpótí iná àti kúkà. Eku máa ń jẹ rọ́bà wáyà lẹ́yìn kúkà nítorí òórùn òróró tí ó ta sí i. Ọmọńlé sì fẹ́ràn ibi tí a ti ń de wáyà, nítorí pé ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oníṣẹ́ iná lè ṣí ìdérí kí ó bá a ní gbígbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí féèsì, tí ìrù rẹ̀ sì wà lórí ìdè kejì.

Bí ó bá já nígbà tí ẹ tan ojú kan pàtó, ojú náà ni. Bí ó bá já lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, nígbà tí ojú mẹ́ta àti ófùn ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹrù ti pọ̀ jù fún bíréékà náà, tàbí kí ìdè rẹ̀ ti tú tí ooru ibẹ̀ sì ń já a. Kúkà olójú mẹ́rin pẹ̀lú ófùn lè gba 7000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó 30 áńpù. Bíréékà 20 tí wọ́n bá yọ láti ara éè-sí kò lè gbé e. Ẹ má sì fi ńlá rọ́pò kékeré láìmọ bí wáyà ṣe nípọn tó: wáyà 6 mm ni a sábà máa ń fi ṣe ti kúkà pẹ̀lú bíréékà 32 áńpù, a ó sì lo 10 mm bí ọ̀nà bá jìn tàbí tí kúkà bá tóbi. Wáyà 2.5 mm tí ó wà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ rí 32.

Ọ̀kan wà tí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú lẹ́yìn ìrìn àjò. Ìyẹ̀fun funfun tí ó wà nínú ẹ́límẹ́ńtì ófùn máa ń fa ọ̀rinrin nígbà òjò bí a kò bá lò ó fún oṣù mélòó kan. Bí ilé yín bá ní bíréékà adáàbòbò, èyí tí ń já bí iná tí ó tó 30 milíáńpù bá ń jò lọ sínú ilẹ̀, yóò já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ófùn náà. Oníṣẹ́ iná lè wọ̀n ọ́n kí ó sì fi ooru díẹ̀díẹ̀ lé ọ̀rinrin náà jáde. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ ra ẹ́límẹ́ńtì tuntun, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ bíréékà adáàbòbò náà kúrò nítorí kí ófùn lè ṣiṣẹ́.

Púlọ́ọ̀gì kúkà alápapọ̀ wa (oní-gáàsì àti iná) ń gbóná, ẹnu rẹ̀ sì ti yọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé.

Ẹ ka àkọlé tí ó wà lẹ́yìn kúkà. Bí ojú iná kan bá jẹ́ 1000 tí èkejì sì jẹ́ 1500 wáàtì, àwọn méjèèjì kò ju 11 áńpù lọ, púlọ́ọ̀gì 13 áńpù lè gbé wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ 1500 àti 2000, ó ti di 15 áńpù, púlọ́ọ̀gì kò lè gbé e pẹ́. Fíúsì inú rẹ̀ kò sì ní tètè já, nítorí pé ohun tí ó fi díẹ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ kì í já a lọ́gán. Ike púlọ́ọ̀gì ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Irú kúkà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà àti súwíìṣì tirẹ̀.

Bí áńpù kò bá pọ̀ tí ó sì ń gbóná, ẹ wo ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì. Bí ẹsẹ̀ féèsì nìkan bá ti di dúdú bí ìdí ìkòkò, tí àwọn méjì yòókù ń dán, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò dì í mú mọ́ tàbí ìdè inú púlọ́ọ̀gì ti tú. Ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì papọ̀, nítorí pé èyí tí ó ti jóná yóò ba tuntun jẹ́. Kúkà kò gbọdọ̀ wà lórí bọ́ọ̀sì onísọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ rárá, àti pàápàá èyí tí fíríìjì wà lórí rẹ̀.

Iná ń ta mí bí mo bá fọwọ́ kan ara kúkà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣé gbígbẹ ojú ọjọ́ ni?

Ojú ọjọ́ ọyẹ́ lè ta ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, pàù, bí ó ti ń ṣe lára ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n yín lọ́wọ́ láìdáwọ́ dúró, iná ni. Ẹ pa á, kí ẹ má sì tàn án títí wọn ó fi rí ìdí rẹ̀.

Ìdí kìíní ni pé wáyà ẹ́ẹ̀tì kò dé ara kúkà, tàbí wọ́n gé e kí wọ́n lè fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí i. Ìdí kejì jẹ́ ti agbègbè wa. Irin ẹ́ẹ̀tì tí a rì mọ́lẹ̀ nílò ilẹ̀ tí ó ní ọ̀rinrin. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, ilẹ̀ Kano, Kaduna àti Àbújá pàápàá máa ń gbẹ débi pé irin tí ó dára nígbà òjò kò ní wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Rírì í jinlẹ̀ sí i, tàbí rírì irin kejì tí ó jìnnà díẹ̀ sí àkọ́kọ́, sàn ju iyọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń dà sí ìdí rẹ̀ lọ, nítorí pé iyọ̀ a máa jẹ irin náà.

Ìdí kẹta ni mo kórìíra jù. Àwọn kan máa ń so ẹ́ẹ̀tì mọ́ níútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ó ń tán lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí níútírà bá já, tí gbogbo ara kúkà yóò sì di féèsì pẹ̀lú 230 fóltì lójú ẹni tí ó ń ro èbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín tààrà bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣí i kí ẹ rí i.

Bí iná bá gbé ẹnikẹ́ni nídìí kúkà, súwíìṣì àgbà ni kí ẹ sáré sí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán fà á. Bí ẹ kò bá lè pa iná, igi gbígbẹ ni kí ẹ fi tì í kúrò.

Ẹ̀rọ tí ń ṣáná sí gáàsì ń dún tàk-tàk láìdákẹ́, bí a kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Omi ti wọ bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ kúkà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ìṣáná ṣì wà.

Ṣé kí n ra sítábíláísà fún kúkà?

Fún ojú iná àti ófùn lásán, rárá. Sítábíláísà kékeré kò lè gbé e, ńlá á sì máa fa áńpù púpọ̀ sí i lára iná tí kò tó tẹ́lẹ̀, àwọn wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì tún gbóná jù. Kúkà ìdákṣọ̀n tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú ni ó nílò ààbò lọ́wọ́ fóltì, ohun tí ó sì yẹ ẹ́ ni ẹ̀rọ tí ń gé iná kúrò bí fóltì bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ jù.

Ǹjẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà lè gbé kúkà?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò pé kìlówáàtì kan kò lè gbé ojú kankan. Èyí tí ó jẹ́ 2.5 kVA lè gbé ojú 1000 wáàtì kan bí ẹ bá pa nǹkan ńlá yòókù. Ínfátà lè gbé e ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ lójú lásán, bátìrì ni yóò sanwó rẹ̀: ojú 2000 wáàtì fún wákàtí kan jẹ́ yúnìtì méjì, èyí tí ó tó gílóòbù ilé fún alẹ́ púpọ̀. Bí sòlá bá wà, ọ̀sán ni kí ẹ dáná, nígbà tí òòrùn Òkè Ọya ń ràn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wa sí Band A ni mítà ti ń gé iná bí a bá ń dáná. Kí ló dé?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí owó Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, àwọn kan ti ń lo ojú iná tí wọ́n ti fi ọmọrí bò fún ọdún púpọ̀. Wáyà ilé wọn kò rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí. Mítà féèsì kan sábà máa ń ní òpin 60 áńpù, wọ́n sì lè ṣètò rẹ̀ sí iye tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Éè-sí méjì, ẹ̀rọ tí ń gbé omi gbóná àti kúkà pọ̀ lè kọjá òpin náà, mítà á sì gé iná fúnra rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ omi gbígbóná nígbà tí ẹ bá ń dáná, kí ẹ wò ó. Bí ó bá tún gé pẹ̀lú kúkà nìkan, ìdè ìsàlẹ̀ mítà lè ti tú. Ẹ má tú èdìdì mítà láti wò ó. Ilé-iṣẹ́ iná nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìyẹn, bí ẹ bá sì ṣe é, ẹ̀sùn jíjí iná ni wọn yóò kà sí yín lọ́rùn.

Ta ni kí n pè, àwọn oníná ni tàbí oníṣẹ́ tèmi?

Láti tiransifọ́mà títí dé mítà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ iná. Láti ẹnu mítà dé ojú kúkà jẹ́ tiyín. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná, AEDC ni ó ń mójú tó Àbújá pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Niger, Kogi àti Nasarawa, nítorí náà ẹni tí ó wà ní Mararaba kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wà ní Garki nípa èyí. KEDCO ni ti Kano, Katsina àti Jigawa. Kaduna Electric ni ti Kaduna, Sokoto, Kebbi àti Zamfara. Ilé-iṣẹ́ ti Jos ni ó ń bójú tó Plateau, Bauchi, Benue àti Gombe. Ẹ kọ iye fóltì tí ẹ wọ̀n sílẹ̀ pẹ̀lú àsìkò tí ẹ wọ̀n ọ́n, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi í sínú ẹ̀sùn yín pẹ̀lú nọ́ńbà mítà. Ẹ̀sùn tí ó sọ pé "iná kò dára" rọrùn láti gbé tì. Èyí tí ó sọ pé féèsì kan jẹ́ 158 fóltì ní agogo mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí àwọn méjì yòókù jẹ́ 225 ti sọ fún wọn ibi tí wọn yóò gbé àkàbà sí.

Fún ti inú ilé, ẹ wá oníṣẹ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tí ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé-ẹ̀rí, kí ẹ sì wò ó bóyá múltímítà wà nínú àpò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ó bá jẹ́ tẹ́sítà nìkan ni ó mú wá, tí ó sì ti ń sọ iye owó ojú kúkà tuntun láti ẹnu ọ̀nà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹlòmíràn.